Ṣé Ẹ Lè Ṣàlàyé Àwòrán Tí Ẹnì Kejì Ò Rí?

ṢÉ Ẹ ti gbìyànjú rí láti ṣàlàyé àwòrán kan fún ẹni tí kò rí i, kí ẹni náà sì yà á bó ṣe rí gan-an? Bó bá jẹ́ àwòrán ewúrẹ́ tàbí ilé ni, kò fi bẹ́ẹ̀ nira. Gbogbo wa la mọ ewúrẹ́. Àmọ́ tí àwòrán náà kò bá jọ ohunkóhun ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ilà, igun àti àwọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, bí irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ òfì?

Ẹ fi eré kékeré kan dán an wò nílé lálẹ́ òní. Kí ẹnì kan nínú ìdílé mú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dání, kó jókòó, kó sì kẹ̀yìn sí àwọn tó kù. Kí àwọn tó kù mú ìwé àti pẹ́ńsù. Òun á máa ṣàlàyé, àwọn á máa yà á. Wọn ò gbọ́dọ̀ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ò sì gbọ́dọ̀ wo ìwé wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ rí báyìí: “Ilà pọ̀ níbẹ̀. Pupa wà láàárín. Dúdú àti yẹ́lò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹwà gan-an, ó dà bí aṣọ.” Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Síbẹ̀, bí ọmọ mẹ́rin bá ń yà á, àwòrán mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa yà, bóyá ni ọ̀kan nínú wọn sì máa jọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló fà á? Ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Iṣẹ́ wọn ló kọ́ wọn.

Aṣọ Tí Ahunṣọ Kò Rí Tán

Kumasi kì í ṣe àjèjì sí àwọn ìdílé Yorùbá. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò ló ṣòwò ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó pàṣẹ lọ́dún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn lọ. Ìlú yìí ni olórí ìlú àwọn Àṣáńtì. Tí èèyàn bá rin nǹkan bí ogún kìlómítà kúrò níbẹ̀, ó máa dé Bonwire, abúlé tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí aṣọ kente.

Àwọn ará Bonwire máa ń sọ ìtàn kan nípa bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin méjì wọ igbó lọ, wọ́n sì rí Ananse, ìyẹn aláǹtakùn, níbi tó ti ń ta okùn rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe okùn tí aláǹtakùn ti ta tán ni ìtàn náà ní kí wọ́n wò. Bó ṣe ń ta á ni wọ́n wò: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó gbà, àti ibi tó tún padà sí.

Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè wa máa tètè lóye kente. Bíi ti aṣọ òkè, wọn kì í hun ún ní fífẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ni wọ́n máa ń hun, gbọọrọ bí ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì rán an pọ̀. Nǹkan bíi mẹ́rìnlélógún irú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú aṣọ ńlá kan tí ọkùnrin máa da bora.

Ẹ wá ro ìyẹn wò ná. Nígbà tí ahunṣọ jókòó sídìí òfì, kò rí aṣọ náà lódindi. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ń ká èyí tó ti hun mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀, àpótí pupa gbọ́dọ̀ kojú àpótí pupa, yẹ́lò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Bí ọ̀kan bá fi ìbú ìka kan gùn ju bó ṣe yẹ, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa yẹ̀ kúrò lójú ilà.

Nítorí náà, ahunṣọ kì í sọ fún ara rẹ̀ pé, “Màá fi pupa díẹ̀ síbí.” Ó ní láti mọ iye. Òwú aláwọ̀ báyìí, iye ìgbà báyìí. Lẹ́yìn náà, òwú aláwọ̀ tọ̀hún, iye ìgbà báyìí. Ó tún ní láti mọ èyí tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìdí ni pé oríṣi ohun èlò méjì tí ń gbé òwú sókè sódò ló wà lára òfì kente. Ọ̀kan ń ya àwọn òwú gbọọrọ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkejì ń kó wọn ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Bó bá lo àkọ́kọ́, àwọ̀ òwú gbọọrọ ló máa hàn. Bó bá lo ìkejì, òwú tó ń gba àárín kọjá á bo òwú gbọọrọ mọ́lẹ̀, àpótí aláwọ̀ tó dá yàtọ̀ á sì jáde.

Bí ahunṣọ kan bá fẹ́ kí ẹlòmíì hun irú aṣọ yẹn gẹ́lẹ́, kò ní kó máa sọ bó ṣe rẹwà tó. Iye àti ìtẹ̀léra ló máa fún un.

Orúkọ Nìkan Kò Tó

Gbogbo kente ló lórúkọ. Adwinasa ni wọ́n ń pe ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ọnà ti tán, ìyẹn ni pé ẹni tó hun ún ti lo gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ní Bonwire máa mọ irú aṣọ tí wọ́n ń sọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló gba iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ṣe.

Àmọ́ orúkọ lè yí padà. Ní ìparí ọdún 1957, Kwame Nkrumah, olórí Gánà nígbà náà, fẹ́ Fathia, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì. Aṣọ kente kan wà tí wọ́n sọ ní Fathia fata Nkrumah, ìyẹn ni pé Fathia yẹ Nkrumah. Lọ́dún 1966, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah. Àwọn èèyàn sì yí orúkọ aṣọ náà padà sí Obaakofo mmu man, tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣàkóso ìlú. Aṣọ kan náà ni, òwú kan náà ni. Orúkọ ló yí padà, iye òwú rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ ò rí i pé orúkọ máa ń ran ẹni tó ti mọ nǹkan lọ́wọ́ láti rántí, àmọ́ kò lè kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ fún ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn pé mo fẹ́ ẹtù, sányán tàbí àlàárì, ó ti mọ àwọ̀ tí mò ń sọ. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n, tí kò rí èyíkéyìí nínú wọn rí, bí ẹni tó ń fọ afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ kan nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàlàyé àwòrán: kó tó lo orúkọ, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Pín In

Abúlé mìíràn tún wà nítòsí Kumasi tí wọ́n ń pè ní Ntonso. Aṣọ adinkra ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èèpo igi ni wọ́n ń sè títí á fi di aró dúdú. Wọ́n á gbẹ́ àmì sára àfọ́kù igbá, wọ́n á tì í bọ aró náà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ àmì kankan, ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń ṣe. Wọ́n á mú ohun èlò kan tó ní eyín bíi ti ìyarun, wọ́n á kì í bọ aró, wọ́n á sì fi fa ilà sára aṣọ ní ìbú àti òòró títí aṣọ náà á fi pín sí àpótí àpótí. Inú àwọn àpótí yẹn ni wọ́n á wá tẹ àmì sí. Tí wọ́n bá ti pín aṣọ náà báyìí, ó rọrùn láti sọ fún ọmọṣẹ́ pé, “Tẹ èyí sí àpótí kẹta ní ìlà kejì.” Tí wọn ò bá tíì pín in, ohun tí wọ́n lè sọ ò ju, “Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ yẹn” lọ. Ó sì di dandan kí ọ̀gá wà níbẹ̀ láti nàka sí ibi tó ń sọ.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mọ ọgbọ́n yìí náà. Ẹ wo adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Àpótí àpótí ni wọ́n pín in sí, iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀, títí kan àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ya á, ìyá sì máa ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe pín aṣọ náà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ayàwòrán Kan ní Kumasi

Atta Kwami ni orúkọ ayàwòrán kan tó lo ìgbésí ayé rẹ̀ láti fi irú ọgbọ́n yìí yàwòrán. Ìlú Accra ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1956. Ayàwòrán ni ìyá rẹ̀, Grace Kwami. Ó kàwé ní Yunifásítì KNUST ní Kumasi, ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2013, ìwé tó kọ nípa àwọn ayàwòrán Kumasi jáde. Kì í ṣe àwọn tó lọ sí yunifásítì nìkan ló kọ nípa wọn, ó tún kọ nípa àwọn tó ń kun pátákó ìpolówó lẹ́bàá títì.

Kò sí èèyàn, igi tàbí ilé nínú ọ̀pọ̀ àwòrán Kwami. Ilà aláwọ̀ tó fẹ̀ àti àpótí tí wọ́n tò sórí ara wọn ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn kọjá nínú ọjà Kumasi máa mọ ibi tó ti rí wọn: aṣọ kente, ìsọ̀ onípákó tí wọ́n kùn ní àwọ̀ méjì mẹ́ta, àti pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún àwòrán rẹ̀ yà máa rí i pé àwọn ilà náà kò tọ́ bíi ti rúlà. Ọwọ́ èèyàn hàn lára wọn. Ẹ lè ka àpótí rẹ̀, ẹ lè sọ àwọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ohun kan á ṣẹ́ kù tó jẹ́ pé ojú nìkan ló lè rí i.

Lọ́dún 2021, wọ́n fún Kwami ní ẹ̀bùn Maria Lassnig. Ara ẹ̀bùn náà ni pé á ya àwòrán ńlá kan síta gbangba fún ibi ìṣàfihàn Serpentine ní Lọ́ńdọ̀n. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ló kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn Lọ́ńdọ̀n tó rí àwòrán náà. Èdè Ewe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì túmọ̀ sí Ayọ̀ àti Oore Ọ̀fẹ́.

Nígbà Tí Àlàyé Di Iṣẹ́ Náà

Nílẹ̀ òkèèrè, àwọn ayàwòrán kan ti dán an wò bóyá àlàyé nìkan lè tó. László Moholy-Nagy, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó gbé ní Jámánì, sọ pé nígbà kan láàárín àwọn ọdún 1920, òun fi tẹlifóònù pe ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pátákó, òun sì ní kí wọ́n bá òun ṣe àwọn àwòrán kan. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Ó ní ìwé tí wọ́n fa ilà sí ní àpótí àpótí wà níwájú òun, irú rẹ̀ sì wà níwájú ẹni tó wà lórí tẹlifóònù. Àwọn méjèèjì tún ní ìwé kan náà tó ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn kan, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, sọ pé kò lo tẹlifóònù, pé ńṣe ló lọ síbẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé wọ́n jọ ní ohun kan náà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan.

Sol LeWitt, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1968, ó máa ń kọ ìtọ́ni bí wọ́n ṣe máa ya àwòrán sára ògiri, àwọn ẹlòmíì á sì yà á. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2007. Lọ́dún 2008, wọ́n ṣí ìṣàfihàn kan sílẹ̀ ní MASS MoCA, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Márùnlélọ́gọ́rùn-ún lára àwọn àwòrán ògiri rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ayàwòrán mìíràn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì yà wọ́n. Ẹni tó ni iṣẹ́ ti lọ, àmọ́ ìtọ́ni tó fi sílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ó Kàn Yín

Ẹ mú ìwé, pẹ́ńsù, rúlà àti àwọ̀ mẹ́rin: yẹ́lò, dúdú, pupa bí ata rodo tó pọ́n, àti àwọ̀ ewé. Ẹ tẹ̀ lé àlàyé yìí.

Ẹ fa àpótí ńlá kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 16. Ẹ fa ilà méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè pín sí apá mẹ́ta tó dọ́gba, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4.

Apá òsì: ẹ fi ilà pín in sí àpótí mẹ́jọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 2. Láti òkè wá, ẹ kun àkọ́kọ́ ní yẹ́lò, ìkejì ní dúdú, ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀.

Apá àárín: ẹ pín in sí àpótí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 4. Láti òkè wá: pupa, àwọ̀ ewé, pupa, àwọ̀ ewé.

Apá ọ̀tún: ẹ pín in bíi ti òsì, àmọ́ dúdú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lókè.

Ó parí. Tó bá jẹ́ pé ohun tí mo ní lọ́kàn lẹ yà, bó ṣe máa rí rèé: ní òkè pátápátá, láti òsì sí ọ̀tún, ẹ máa rí yẹ́lò, pupa, dúdú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí dúdú, àwọ̀ ewé, yẹ́lò. Gbogbo àpótí náà jẹ́ 20: yẹ́lò 8, dúdú 8, pupa 2, àwọ̀ ewé 2. Bó bá yàtọ̀, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti ṣìnà. Kò ní ṣòro láti rí.

Ẹ wá fi àlàyé yìí wé ti àkọ́kọ́. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n dárúkọ nígbà yẹn, pupa láàárín, dúdú àti yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́, la lò níbí náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a sọ bí àpótí ńlá náà ṣe tóbi tó, a pín in ká tó kun ún, a sọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, a lo iye dípò “púpọ̀,” a sì fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ sọ irú pupa tí à ń wí. Ní Yorùbá, epo pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa; gbogbo wọn kọ́ ni àwọ̀ wọn rí bákan náà. Níkẹyìn, a fún yín ní ohun tí ẹ máa fi yẹ iṣẹ́ yín wò.

Kí Ó Tó Pẹ́ Jù

Eré ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ híhun kente ní Gánà kún àwọn ohun àjogúnbá ayé tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ híhun rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Aṣọ lè wà nínú àpótí fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀rọ lè tẹ àwòrán rẹ̀ sára àǹkárá lọ́jọ́ kan. Àmọ́ bí ẹni tó mọ iye òwú rẹ̀ bá kú láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ hun irú rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Bó ṣe rí nínú ilé wa náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti béèrè lọ́wọ́ ìyá wa bó ṣe ń se ọbẹ̀ kan, tó sì dá wa lóhùn pé, “Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó o wá jẹ́ kó jinná.” Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ “díẹ̀” yẹn, ojú rẹ̀ sì mọ ìgbà tó jinná. Àwa la ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́, orúkọ ọbẹ̀ náà á kù sí wa lẹ́nu, adùn rẹ̀ á sì ti lọ.

Torí náà, bí àgbà kan bá wà nínú ìdílé yín tó mọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ, bí wọ́n ṣe ń dirun, tàbí bí wọ́n ṣe ń sè é tó fi ń dùn, ẹ má kàn yìn ín. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé: “Mà, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe? Mélòó lẹ máa ń fi sí i? Kí lẹ fi ń mọ̀ pé ó ti tó?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ lójú rẹ̀, kó lè tún yín ṣe níbi tẹ́ ẹ bá ti ṣì í.